Orin Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Fi Mọ̀ Wá

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù orin yẹn ti máa ń bà mí kí a tó kọ ọ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n ta mọ́. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, ìka mi á ta á láìṣìnà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ orin mẹ́ta, mẹ́rin, tí mo bá rí i pé àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, tí ẹnì kan bá pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Irọ́! Ẹ kọ Irọ́ fún wa!", òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́ mi. Màá mú aṣọ, màá máa nu ọrùn gìtá, bí ẹni pé gìtá ló ń làágùn.

Àwa mẹ́ta la ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ wa. Abidjan ni wọ́n bí gbogbo wa sí, ọmọ àwọn oníṣòwò tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọrin ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́ta, Ọ̀gá la sì ń pè é láti ìgbà èwe wa. Ẹnì kejì ló ń lùlù, èmi ni mo ń ta gìtá. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a ní orin rọ́ọ̀kì la fẹ́ máa kọ, gìtá oníná tó ń ké burúkú, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Faransé máa gun orí rẹ̀. Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé, ní bí òun bá tún gbọ́ ariwo yẹn nínú ilé òun, òun á gbé gìtá náà jù sí ọ̀sà.

Orin tí a kọ pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbilẹ̀. Èmi ni mo sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Attécoubé, lókè téńté níbi tí ènìyàn ti ń rí ọ̀sà. Ó ní èjí, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu torí pé ojú èjí náà ń tì í. A jọ sọ pé a máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ìyá ìyá mi lè rí i. Mo ti gba àyè fún àwa méjèèjì nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo ti dé ibùdókọ̀ ní Adjamé. Bọ́ọ̀sì lọ. Mo ṣì dúró. Ó di ọ̀sán, n kò rí i, ni mo bá gbé báàgì mi padà sílé.

N kò lọ béèrè. Ìgbéraga ni, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ orin náà. Nínú rẹ̀, Ọ̀gá á ké pé, "Eléjí orí òkè, ó ní òun ń bọ̀ o!" Gbogbo èrò á sì dáhùn pé, "Irọ́ ló pa!" Á tún ké pé, "Ó ní kí n dúró de òun!" Wọ́n á tún dáhùn pé, "Irọ́ ló pa!" Ní Sátidé tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Treichville, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ní kí a tún un kọ. Kí oṣù tó parí, gbogbo redio ló ti gbé e. Kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ eléjí orí òkè ní Attécoubé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ ibùdókọ̀ yẹn ni mo pàdé àǹtí rẹ̀ nínú ọjà. Obìnrin náà ò bú mi. Ó kàn ní, "Ṣé o mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀? Apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Ọmọ yẹn ló ń tọ́jú rẹ̀." Mo kàn ní, "Mo gbọ́." Mo lọ sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n pè wá sí òde kan, mo sì ta gìtá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àtàwọn tí a jọ ń kọrin, àtìyàwó tí mo padà wá fẹ́. Ó di ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sáláṣí dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Williamsville, níbi tí mo ti ń tún redio àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe, ni ọmọbìnrin kan wọlé. Yóò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò kanlẹ̀ tán, bí àwọn ọmọ tí a bí síbí ṣe máa ń ṣe, ó sì kí mi ní Faransé bí ẹni ń kí àbúrò bàbá rẹ̀.

"Bonjour, tonton. Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá yín ní kí n wá rí yín nítorí ẹ̀rọ."

Ó ní òun ni òun ń bójú tó ilé oúnjẹ kan ní Zone 4, òun ti bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà. Ìyá òun ń pé ọgọ́ta ọdún.

"Soixante ans, tonton! Mo fẹ́ kó bá a lójijì ni. Kò gbọdọ̀ mọ̀ rárá. Dimanche, Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán. Orin yẹn ni mo fẹ́, orin Irọ́ yẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ orin yẹn.

"Màmá fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo orin lọ. Bó bá ti wá lórí redio, á dákẹ́. Bó bá ń gé àlùbọ́sà, á fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀ títí á fi parí. Láti kékeré ni mo ti ń rí i."

Ó mú fóònù jáde, ó ní kí n wo ìyá òun bó ṣe rẹwà tó. Mo gbà á. Obìnrin kan ló jókòó sórí àga, gèlè aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán náà ti yára jù ú lọ. Mo rí èjí náà.

"Ṣé kò sí nǹkan, tonton?"

"Kò sí," mo ní. "Ooru ni." Mo bi í nípa bí yàrá náà ṣe fẹ̀ tó, ibi tí iná wà, iye ènìyàn tó ń bọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán tí mo wo ìwé náà, mi ò lè ka ohun tí mo kọ.

Ó kù ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo jó ọwọ́ ara mi nígbà tí mo ń jó wáyà redio oníbàárà kan. Mo dá redio mìíràn padà fún ẹni tí kò ni í. Ìyàwó mi bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ló tún dé, mo ní bóyá ni. Gbogbo ibi tí mo bá wà, mo ń rí ọmọ náà tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn, tí èmi ń dúró níbẹ̀ tèmi ti gìtá. Bí mo bá sọ fún ọmọ náà, mo bà á lọ́kàn jẹ́. Bí mi ò bá sọ, mo mú ìyá rẹ̀ jókòó sáàárín èrò kí wọ́n lè pariwo lé e lórí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá Ọ̀gá nílé rẹ̀ ní Treichville. Onílù wa wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibí, pẹ̀lú ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "kí lẹ rò bí a bá fi orin yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ Sunday?"

Ọ̀gá fi ọwọ́ sílẹ̀ nínú abọ́. "Orin tí ọmọ náà torí ẹ̀ pè wá?"

"Gbogbo ìgbà náà la ń kọ ọ́. Ó ti sú mi. Ohùn yín pàápàá ò gun òkè ibẹ̀ mọ́."

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Ibi tí ohùn mi ò bá dé, àwọn èrò á bá mi débẹ̀." Ó nu ọwọ́. "Tẹ́tí sí mi. O rò pé àwa ni wọ́n ń wá wò? Àwa arúgbó mẹ́ta? Ara wọn ni wọ́n ń wá wò, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ogún ọdún. Bí a bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, kí la fẹ́ fún wọn? Àwọn orin tuntun rẹ?"

Onílù rẹ́rìn-ín. "Ní tèmi o, bí mo bá ń lù ú, oúnjẹ tí mo máa jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa lù ú. Òun ni wọ́n mọ̀ wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo rí bí Ọ̀gá ṣe padà sídìí oúnjẹ rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n tún pè wá sí Zone 4, mo sì gbé e mì.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo wọ gbàkà, ọkọ̀ kékeré tí ń ná ọ̀nà náà, mo sọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè Attécoubé. Ọmọ náà ti sọ fún mi pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú ni ìyá òun ti padà sí ilé bàbá tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo yí padà láti máa lọ, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bi mí ní èdè Júlà pé ta ni mo ń wá, kí n tó mọ̀, mo ti nawọ́ sí ilé náà.

Ó wà níwájú ilé, ó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. Ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́.

"O ti darúgbó," ó ní.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n pè é ní ìwọ tàbí ẹ̀yin. "Ẹ kú ilé," mo ní. Ó fi orí júwe àpótí kan fún mi, mo jókòó. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ nínú ọkọ̀ fò lọ. Mo kàn sọ ọ́ jáde ni.

"Mo mọ̀ nípa ìyá yín. Mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìrẹsì.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rò pé o ò gbọ́ rárá ni." Kò gbé ohùn sókè. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Mo ní, kò mọ̀ ni. Ká ní ó mọ̀ ni, kò ní máa kọ ọ́."

Mo ti rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, nǹkan á fúyẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ohun kan tó ti ń gbé ara lé láti ìgbà pípẹ́ ni mo wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá," ó ní. "Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àǹtí mi dé láti dúró ti Màmá, mo sáré wá sí ibùdókọ̀. Bóyá o ṣì wà níbẹ̀. Èrò òmùgọ̀. Mo dúró díẹ̀, mo padà sílé. Ilé ọtí kan wà nísàlẹ̀ òkè yìí nígbà náà. Láti ibẹ̀ ni orin náà ti kọ́kọ́ dé etí mi nínú ilé. Mo ń yí Màmá padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Mo sọ fún un nípa ọjọ́ Sunday, torí mi ò lè jẹ́ kó rìn wọ ibẹ̀ láìmọ̀.

"Ọmọ mi ní kí ẹ wá kọ ọ́ fún mi?"

"Ó ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ máa ń dákẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nù ún. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Má sọ fún un pé o wá. Ó ti ń ṣe ìpalẹ̀mọ́ yẹn láti ìgbà pípẹ́, ó rò pé mi ò rí i. Èmi á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

"Ṣé ká kọ ọ́ àbí ká má kọ ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. "Ìwọ lo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí n tún bá ọ ru ìyẹn náà ni?"

Nínú ọkọ̀ Ọ̀gá lọ́jọ́ Sunday, a ti fẹ́ dé Zone 4, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àwa méjì péré ni, onílù ti ṣáájú lọ to ìlù rẹ̀. Ọ̀gá wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á.

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì," ó ní. "Ẹnu mi lo fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní onírọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Mi ò kọ ọ́ lónìí. Ó parí."

Ó yẹ kí ara tù mí. Ọmọ náà ni mo ń rò. A dé bẹ́ẹ̀, a ò ráyè bá onílù sọ̀rọ̀, torí àwọn àlejò ti kún yàrá. Bí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ṣe wọlé, gbogbo wọn hó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí àyà, ó la ojú, ó ṣe é dáadáa débi pé ọmọ rẹ̀ sunkún. Wọ́n fi í jókòó sí tábìlì àárín, kò jìnnà sí mi. Kò wò mí.

A kọ orin márùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tonton, orin yẹn dà?"

"Ọ̀fun ń dùn mí, ọmọ mi," ni Ọ̀gá wí.

Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan ní, "Bí ọ̀fun bá ń dùn yín, ẹ jókòó, àwa á kọ ọ́!" Ó bẹ̀rẹ̀ ó sì gbé e ga jù, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún un gbé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo yàrá ti gbà á. Wọ́n ń lu tábìlì. Onílù wa tí kò mọ nǹkan kan rò pé eré ni, ó gbé igi ìlù rẹ̀, ó sì wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí gìtá. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Orin náà ń lọ geere láìsí èmi, láìsí Ọ̀gá.

"Ó ní òun ń bọ̀ o!"

"Irọ́ ló pa!"

"Ó ní òun ń bọ̀ o!"

"Mo wá!"

Ohùn kan ṣoṣo ni, láàárín ariwo, láti tábìlì ìyá ọlọ́jọ́ ìbí. Obìnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká, ó rò pé ó ń dápàárá. Wọ́n tún ké e. Ó tún dáhùn, ó le ju ti àkọ́kọ́, ó sì ti dìde dúró: "Mo wá!" Ojú rẹ̀ wà lára mi nígbà yẹn. Ọmọ rẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó wo èjí náà, ó yí ojú padà sọ́dọ̀ mi. Àwọn ìyókù kọ ọ́ dé òpin, wọ́n sì hó fún ara wọn.

Nígbà tí mo ń ká wáyà, ọmọ náà wá bá mi. "Tonton, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bi Màmá rẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, òótọ́ ni."

Ní ọjọ́ kejì ó pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ mọ̀, tí ẹ sì ń kọ ọ́ lọ?" Mo ní lóòótọ́ ni. Ó pa fóònù náà.

Ọ̀gá ò kọ orin náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Onílù ní ìwà wèrè ni, pé orin náà ti kúrò lọ́wọ́ wa tipẹ́, pé a ò lè gbà á padà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi pé òótọ́ ló sọ. Ní Yopougon, nígbà tí a kọ orin mẹ́jọ tí a ò kọ ọ́, ìdajì èrò ló dìde lọ, obìnrin kan sì bi mí bóyá a ti ń ṣe ìgbéraga. Bí mo bá ń tún redio ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí orin náà bá bọ́ sí i, màá yí i kúrò, ẹ̀rù á sì máa bà mí pé ní ilé kan lórí òkè, ẹnì kan ń gbọ́ ọ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọmọ náà kò pè mí fún bí oṣù méjì. Lóṣù tó kọjá ni mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù mi: "Tonton, Màmá ní kí n bi yín, orin wo lẹ tún ní?"

Mo kà á títí. Mi ò mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ìbéèrè. Mo fi han Ọ̀gá, òun náà ò mọ̀. A jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn orin tí a ti pa tì, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, èyí tí a ò rántí bó ṣe parí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ nípa òjò lórí ọ̀sà, tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún rí. A ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti Sátidé. Ọ̀gá ń ráhùn pé ó ga jù fún òun, ìka mi sì ń ṣìnà níbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Mi ò tíì dá ọmọ náà lóhùn, ó di ìgbà tí a bá lè kọ ọ́ dé òpin.